Ìṣubú Fádérera Amọ̀kòkò

Fádérera ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí amọ̀kòkò kankan ní Òkè-Amọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dán tó tirẹ̀. Níbẹ̀, ìkòkò kì í kúrò lójú kan. Obìnrin ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa yí i po bí ó ti ń mọ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń yí ìkòkò aró ńlá kan po ni òòyì kọ́ ọ lójijì, ó sì ṣubú. Ojú tì í. Ó fò dìde, ó tún kọjú sí ìkòkò. Òòyì tún gbé e, ó ṣubú lu ìkòkò náà, ó fọ́ ọ, ó sì ń bì.

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣe é. Ìbídùn, tí Fádérera fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló sọ pé, "Ẹmu ni ìyá yìí ń mu láàárọ̀." Obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí! Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò lè gbé orí sókè lórí ẹní. Ìbínú kò jẹ́ kó sunkún; ó ń ronú. Ó rántí ọ̀fìnkìn tó mú un, tó sì dí i létí, kí èyí tó dé. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá yí orí sósì ni ilé ń yí, bí òun kò bá sì mirá, á rọlẹ̀. Ó mọ̀ pé inú etí ni àìsàn náà wà. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ògiri mú, ó tẹjú mọ́ òpó kan, ó ń rọra yí orí sọ́tùn-ún, sósì, kí yíyí náà lè mọ́ ọn lára. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, tó sì ń rìn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi múlẹ̀.

Nígbà tó padà débi iṣẹ́, Ìbídùn ló bá nídìí amọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹfúntọ́lá, olórí wọn, ní, "Ta ló ní kí o wá?"

Fádérera yí ìkòkò tó wà níbẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ìyá, inú ń bí mi," ló wí. "Ẹ ò bi mí léèrè kí ẹ tó lé mi. Ìbídùn, ipò mi nìwọ ń wò. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣubú, mo ṣe bí ọmọdé: iṣẹ́ tó wà níwájú ni mo wò, mo sì tún ṣubú. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ni mo rí ohun tó gbé mi ṣubú: àìsàn etí ni, kì í ṣe ẹmu."

Ìyá Ẹfúntọ́lá tẹ orí ba. Ó ní kí Ìbídùn dìde.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà gbà sẹ́nu, tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.