Àdúrà Ẹnu Ọ̀nà Bàálù

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Múínátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú èrò nínú bàálù ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi í sẹ́nu ọ̀nà pé kó máa rẹ́rìn-ín kí èrò káàbọ̀. Bó ti ń kí wọn, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ náà yóò wọ bàálù ló ń rò.

Àlàájà kan, aládùúgbò wọn nílé, gun àtẹ̀gùn dé iwájú rẹ̀. Múínátù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tilẹ̀ fún un.

"Ọmọ mi, o tiẹ̀ wá síbi iṣẹ́! O mà láyà o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Múínátù rò pé àwọn èrò ni Àlàájà ń ṣàdúrà fún. "Àmín, mà! Afẹ́fẹ́ rere la máa bá lókè, kò ní mì wá rárá."

Àlàájà tẹjú mọ́ ọn. "Múínátù, ìyá rẹ ni mò ń wí."

"Màámi kẹ̀? Bùọ̀dá mi ní ara wọn ti ń yá."

"Yéè, ẹnu mi! Wọn ò tíì túfọ̀ fún ọ? Àná la sin wọ́n."

Àwọn èrò tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. Ọ̀gá rẹ̀ ké láti inú bàálù: "Múínátù, ọ̀nà dí! Ẹ̀rín dà?"

Múínátù dìde. Ó gba báàgì Àlàájà, ó fi ìjókòó hàn wọ́n, ó kọjú sí ọkùnrin tó kàn, ó sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ fi hàn. "Ẹ káàbọ̀, sà."

"Wo ọmọ ọlọ́yàyà!" ni ọkùnrin náà wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá tó bí èyí mà jèrè ọmọ o."

"Ẹ ṣé, sà," ni Múínátù wí.