Ibi tí Oko Bàbá Àbẹ̀ó ti Bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí Àsàkẹ́, ọmọ Lákànlé, sọ̀rọ̀ nípa oko bàbá rẹ̀, oúnjẹ lè tutù níwájú rẹ̀ kó má rántí pé ebi ń pa òun. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Oko náà dára lóòótọ́. Àpáta ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tó jókòó bí àgbàlagbà tó káwọ́ lérí orúnkún, omi tútù sì ń sun lábẹ́ rẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ará abúlé tó yí Ìdí-Ọsàn, ìlú wọn, ká a máa wá wò ó, Àsàkẹ́ ló sì máa ń mú wọn yípo. Yóò ki àpáta náà, yóò fi igbá bu omi fún wọn mu, yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà: "Ẹ lè rìn dé ibi tó bá wù yín, kò sí oko tó tó ti bàbá mi." Òun fúnra rẹ̀ kò rìn kọjá ọjà ìlú kejì rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í?

Nígbà tí Ọ̀jẹ́dòkun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, gbé Àbẹ̀ó níyàwó láti Òkè-Àgbárá, inú Àsàkẹ́ kọ́kọ́ dùn. Ìyàwó náà mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe obìnrin. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ bá a jiyàn. Nítorí pé Àsàkẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, Àbẹ̀ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ kan ni àwọn àlejò wá wo àpáta. Àsàkẹ́ ti kì í tán, ó sì ti bu omi sínú igbá, nígbà tí ọkùnrin kan láàárín wọn bi Àbẹ̀ó pé ọmọ ibo ni.

"Ọmọ Òkè-Àgbárá ni mí."

"Òkè-Àgbárá kẹ̀? Ṣé ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí òkè yẹn?"

"Inú oko bàbá mi lomi náà wà," Àbẹ̀ó dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Wọ́n ní kó sọ fún àwọn. Ó sọ nípa omi náà. Ó sọ nípa ihò àpáta tí àwọn baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun, àti ahoro ilé wọn tó ṣì wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, àwọn àlejò ti kọ ẹ̀yìn sí àpáta, wọ́n ti jókòó yí ìyàwó ká. Àsàkẹ́ dúró pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, kò sí ẹni tó gbà á mu.

Owú gùn ún níbi tó dúró sí. A máa ń sọ̀rọ̀ owú orogún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí: owú tí ọmọ ilé ń jẹ sí ìyàwó ilé kò kéré sí i. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti rẹ́rìn-ín níbi tí Àbẹ̀ó wà, Àsàkẹ́ á rò pé ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ń sọ. Bí ìyàwó bá se ọbẹ̀, á ní iyọ̀ ti jù ú. Bí ó bá gbálẹ̀, á wá ibi tí ìgbálẹ̀ kò dé. Síbẹ̀ ó ń pa á mọ́ra, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Lákànlé ń fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì bèèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ìyàwó, omi yín yẹn, ṣé kì í gbẹ?"

Bàbá òun! Ọ̀rọ̀ náà wọ Àsàkẹ́ lára ju ọ̀bẹ lọ.

"Irọ́ ni," ó ní, gbogbo ilé sì gbọ́. "Irọ́ ni ìyàwó ń pa fún wa láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹnì kan ṣoṣo á wá lómi, á níhò, á láhoro, bí ẹni pé Ọlọ́run ò rántí ẹlòmíì!"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí pé nílé Lákànlé, wọ́n kì í fi ìyàwó tó bá ń purọ́ sílé. Wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni. Ọ̀jẹ́dòkun káwọ́ lérí. Àbẹ̀ó kúnlẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá Àsàkẹ́ jiyàn.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ kẹ́ ẹ lọ wò ó," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Lákànlé, ló dá sí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Kò la ariwo lọ. Àsàkẹ́, ìwọ lo pè é lópùrọ́, ìwọ lo máa bá a lọ. Ohun tí o bá ní ojú ẹ rí nígbà tí o bá dé, òun la máa gbà."

Inú Àsàkẹ́ dùn débi pé òun ló kọ́kọ́ jí lọ́jọ́ ìrìnàjò. Kí wọ́n tó gbéra ló ti mọ ohun tí òun yóò sọ nígbà tí òun bá padà.

Wọ́n rìn. Wọ́n gba inú ahoro abúlé àtijọ́ kan kọjá, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Àsàkẹ́ yínmú. "Ògiri amọ̀ lásán." Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n gbin pérégún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan, Àbẹ̀ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Àsàkẹ́ rò pé ẹ̀gún ló gún un. Ó ní kó ṣe wéré.

Ẹ má bá a wí. Ní oko bàbá rẹ̀, ahéré lèèyàn á kọ́kọ́ rí, bí èèyàn bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré náà, ojú rẹ̀ á ká igun oko yípo. Ohun tí Àsàkẹ́ mọ̀ sí oko nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì rí ahéré, tó sì ti gbà pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó, igbó ẹni ẹlẹ́ni ló gbà pé àwọn wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ihò àpáta kan. Èéfín iná àtijọ́ ṣì dúdú lókè rẹ̀, lórí àpáta tó tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ sì ni àwọn kòtò róbótó wà, níbi tí àwọn ìyá ayé àtijọ́ ti ń lọ àgbàdo. Àsàkẹ́ ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó jọ̀lọ̀, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Owú kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá, nítorí pé kò mọ ẹni tó ni ibẹ̀, a kì í sì í jowú ẹni tí a kò mọ̀.

"Ìyàwó, wo bó ṣe tutù. Ẹni tó ni ibí yìí ń jayé. Bàbá tìẹ lè ní irú èyí láé?"

Àbẹ̀ó tẹ orí ba. "Ẹ máa bọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Wọ́n gbọ́ omi kí wọ́n tó rí i. Ó ń já bọ́ láti orí òkè, funfun, ìrì rẹ̀ sì ń fẹ́ sí wọn lójú. Àsàkẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ odò, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó bu omi mu. Ohun tí kò ṣe fún nǹkan kan rí àfi àpáta bàbá rẹ̀, ó ṣe é fún omi náà: ó kì í.

"Omi tó já látòkè tí ò ṣẹ́sẹ̀, omi tó sùn sílẹ̀ tí ò kú. Ẹni tó bá ní ọ kò ní ṣòfò."

Àbẹ̀ó ń wò ó.

Wọ́n tún rìn. Wọ́n la ìdí obì kọjá, wọ́n rìn láàárín ebè iṣu títí oòrùn fi yẹ̀ síhà kejì. Ó rẹ Àsàkẹ́. "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ìgbà wo la máa dé oko bàbá ẹ gan-an?"

Àbẹ̀ó dúró. Tẹrù-tẹrù ló kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Inú oko bàbá mi la ti wà láti ìgbà tá a ti rékọjá pérégún tó jẹ́ ààlà. Ahéré ló kù tá ò tíì dé."

Àsàkẹ́ wo ẹ̀yìn. Ihò àpáta. Kòtò tó ti ọwọ́ bọ̀. Omi tó fi ẹnu ara rẹ̀ kì.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí. Mi ò sì lè bá yín jiyàn."

Owú tó ti sùn bá jí, tebi-tebi ló sì jí. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ahéré. Bó ti ń rìn ló tún ń to irọ́ rẹ̀ jọ: òun á ní odò kékeré ni, òun á ní ihò náà kò gba ajá.

Bàbá arúgbó tó jáde wá pàdé wọn dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó wá yíjú sí Àsàkẹ́. "Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Ẹ káàbọ̀. Àbẹ̀ó ti ránṣẹ́ sọ fún wa nípa àpáta oko bàbá yín, èyí tí omi ń sun lábẹ́ ẹ̀. Ó ní bí ẹ ṣe ń kì í, orí èèyàn á wú. Mo ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa gbé mi dé ibẹ̀, mo fẹ́ wá wò ó kí n tó kú."

Wọ́n gbé iyán síwájú Àsàkẹ́. Ó bu òkèlè kan, ó tún dá a padà sínú àwo. Ìyàwó tí òun pè lópùrọ́ ti ń yin àpáta òun ní ibi tí òun kò sí, owú kankan kò sì dá a dúró.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìdí-Ọsàn, gbogbo ilé jáde. Àbẹ̀ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀jẹ́dòkun kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Àsàkẹ́," Ìyá Àgbà ní, "kí lojú ẹ rí?"

Irọ́ náà ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó pé, ó yẹ. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo ìyàwó. Ó gbé e mì.

"Ìyàwó ò purọ́. Ó tiẹ̀ din ọ̀rọ̀ ẹ̀ kù ni. Inú oko bàbá ẹ̀ ni mo ti ń rìn káàkiri tí mo tún ń bèèrè ibi tí oko wà." Ó yíjú sí Lákànlé. "Bàbá, ẹ ní kò sí oko tó tó tiwa. Ṣé ẹ ti dé oko ẹlòmíì rí ni?"

Lákànlé wo ilẹ̀. "Mi ò dé ibì kankan," ó ní.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àsàkẹ́ lọ sídìí Àbẹ̀ó, ó gbà á lápá, ó fà á dìde, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan bá ara rẹ̀ wí tí kò sí ẹni tí kò gbọ́ nínú àgbàlá.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó ṣì ń mú àlejò yí àpáta ká. Bí ó bá sì ti ṣe tán, á fọwọ́ júwe ọ̀nà Òkè-Àgbárá fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á máa dùn ún díẹ̀ bí wọ́n bá kọrí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi bá ara rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà ni aráyé gbà lẹ́nu rẹ̀, tó fi di òwe tí àgbà ń pa fún ẹni tó bá ń fi tirẹ̀ fọ́nnu, títí di òní: ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun.