Ìlà Àyà Ọ̀gá Dókítà

"Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Òwe yìí ni Dókítà Adégòroyè fi máa ń bá àwọn aláìsàn tó fẹ́ ṣe dókítà ara wọn wí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń la àyà èèyàn kí ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn tirẹ̀ náà tó kọ̀, tí kò pa dé mọ́.

Mojírádé, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ló fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà. "Ọ̀gá, a ò ní la eegun àyà yín. Àárín egungun ìhà la ó gbà wọlé, ẹ ó sì tètè padà sílé."

"Bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni, ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú ń bà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ta ló máa rí i láti ojú ihò kékeré? Nígbà tí Mojírádé jáde, ó mú kálàmù tí wọ́n fi ń sàmì sára aláìsàn, ó dúró níwájú dígí, ó fa ìlà gbọọrọ láti ọrùn dé òkè ikùn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń là, kí ọmọ náà má baà ṣìnà.

Nígbà tó jí, ọgbẹ́ kékeré kan ló wà lábẹ́ ọmú ọ̀tún. Ìlà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbọọrọ, abẹ ò kàn án. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun fọ̀ ọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó dé.

"Kò ní parẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa ra kálàmù tí kì í parẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. "Sà, ìlà kí nìyí?"

"Èkù ọ̀bẹ ni," ni Dókítà dáhùn. "Èmi ni mo fẹ́ gbẹ́ ẹ fúnra mi."