Adágún Tí Ìjàpá Dí Lẹ́nu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi já, kò já sórí àpáta, kò já sórí iyanrìn. Ó já sínú omi, ó ta sí Ìjàpá lójú, ó ta sí Ọ̀kẹ́tẹ́ lára. Àyọ̀ká, sún mọ́ ìyá rẹ. Àlọ́ tòní kò ní ẹ̀rín púpọ̀.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ òkè kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára, iṣu ń ta níbẹ̀. Àléébù kan ló ní: bí òjò bá rọ̀, omi orí òkè a di àgbàrá, a gba àárín ilé kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wọn fi gbẹ́ adágún ńlá kan sí ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n mọ bèbè yí i ká, wọ́n sì la ẹnu fún un lápá kan, kí omi lè máa gba ibẹ̀ yọ́ lọ sínú odò. Bí àgbàrá bá dé, inú adágún ni yóò já sí, kò ní dé ilé ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n adágún kì í tọ́jú ara rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń lọ sópin, tọkùnrin tobìnrin ló ń jáde. Wọn a kó ẹrẹ̀, wọn a fa koríko tu, wọn a yọ igi tó há sí ẹnu rẹ̀, omi àtijọ́ a sì ṣàn lọ. Omi tuntun gbọ́dọ̀ bá àyè. Ẹja tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé ló ń pín in.

Pípín yìí ni kò dùn mọ́ Ìjàpá nínú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó rìn dé bèbè, ó bojú wo inú omi. Ẹja àrọ̀ ló rí, wọ́n sanra, wọ́n ń yí bìrí. Itọ́ kún un lẹ́nu. "Kí á pín èyí? Èmi àti ta ni?" Ó gba ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n ọba lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo wo àwọn ará ìlú, àánú wọn ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kọ ebè wọn. Ẹ fi iṣẹ́ adágún lé èmi lọ́wọ́ lọ́dún yìí."

"Ìwọ nìkan?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ojoojúmọ́ ni n ó máa lọ."

Inú Ẹfọ̀n dùn. Inú ará ìlú náà dùn. Ta ni ń fẹ́ kó ẹrẹ̀? Wọ́n yin Ìjàpá, wọ́n kọrí sí oko.

Ìjàpá dé ẹnu adágún. Dípò kó tú u, ó dí i. Ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó to òkúta tì í, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ pa, kí ẹja kankan má baà bá omi lọ. Lẹ́yìn náà ló yí ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ la àárín ìlú kọjá.

"Ìjàpá, o kú iṣẹ́ o!"

"Háà, iṣẹ́ pọ̀ o. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Yánníbo, aya rẹ̀, rí ẹja nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Omi ò fà rárá."

"Ṣé ẹja yìí ò dùn ni?"

"Ó dùn."

"Jẹ ẹ́, kí o sì pa ẹnu dé."

Yánníbo jẹ ẹ́. Ó sì pa ẹnu dé.

Wàyí o, inú ihò lábẹ́ bèbè ni Ọ̀kẹ́tẹ́ ń gbé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú wọn kò tíì là. Ọkọ rẹ̀ ti kú sínú pàkúté. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan ògiri ihò, ó tutù. Kò pẹ́, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí sun omi. Ó sáré lọ sí ààfin.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Ilé mi ń sun omi. Omi àtijọ́ ṣì kún adágún dẹ́nu, òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀."

Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pe Ìjàpá, gbogbo wọn jọ lọ síbẹ̀. Ìjàpá ti mọ̀ pé irú ọjọ́ yìí ń bọ̀. Ó ti ha erùpẹ̀ ọ̀nà oko jọ sẹ́bàá bèbè. Ó ní, "Òkìtì ẹrẹ̀ tí mo kó rèé, Kábíyèsí."

Ẹfọ̀n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹnu adágún.

"Áà! Ẹrẹ̀ ibẹ̀ jìn o. Irú ara yín yìí, ta ni yóò fà yín jáde?"

Ẹfọ̀n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ni Ìjàpá bá rẹ ohùn sílẹ̀. "N kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí opó ni. Ọ̀kẹ́tẹ́ ló ń gbẹ́ ihò wọnú bèbè. Òun ló fẹ́ fọ́ ọ lù wá."

Ọ̀kẹ́tẹ́ figbe ta. "Ìjàpá! Níbo ni mo gbẹ́? Ihò ìyá ọkọ mi ni mò ń gbé!"

"Ẹ wo amọ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀, Kábíyèsí."

Ọ̀kẹ́tẹ́ wo ni kì í ní amọ̀ lábẹ́ èékánná? Ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n gbà á gbọ́. Ó pàṣẹ pé Ọ̀kẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ níbikíbi mọ́ títí òjò yóò fi lọ. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ní in lọ́kàn láti gbẹ́ ihò tuntun sórí òkè. Ó padà sílé, ó tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí apá rẹ̀ ká nìyẹn.

Kí lo wí, Àyọ̀ká? Kí ló dé tí kò kó wọn sá? Sá lọ síbo? Àṣá wà lókè, ejò wà nílẹ̀. Ọmọ ọ̀kẹ́tẹ́ tí kò sí nínú ihò, oúnjẹ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti lọ ṣa ẹyìn nínú igbó. Òjò dé, kì í ṣe wínníwínní. Ó ń na ilẹ̀ bí pàṣán. Àgbàrá sọ láti orí òkè, ó pọ́n, ó ń yí òkúta. Ó wọ inú adágún, kò bá àyè.

Yánníbo di Ìjàpá mú. "Lọ ṣí i! Lọ ṣí ẹnu adágún!"

Ìjàpá sáré débẹ̀, ó di òpó mú. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹja ti ń fò nínú omi pupa. Ó ní, "Bí mo bá ṣí i báyìí, gbogbo wọn á lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó apẹ̀rẹ̀ kan." Ó kó o, ó kún. Ó ní, "Ó ku díẹ̀."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni bèbè ti ya, gbììràmù! Apá ibi ihò Ọ̀kẹ́tẹ́ ló ya, níbi tí omi ti mú ilẹ̀ rọ̀. Omi rọ́ jáde bí ẹran tó já okùn. Ó gbé Ìjàpá, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó wó ilé Ẹtu, ó gbé àwọn arúgbó tí kò lè sáré.

Ọ̀kẹ́tẹ́ da ẹyìn nù, ó sáré bọ̀. Níbi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà, omi ló ń kọjá. Ó dúró létí rẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ojú ọmọ mi kò tíì là o,
Omi, dúró!
Mo lọ ṣa ẹyìn, mo ní mò ń bọ̀,
Omi, dúró!
Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ bèbè o,
Omi, dúró!
Dá ọ̀kan padà, kó ìyókù lọ,
Omi, dúró!

Omi kò dúró.

Nígbà tí òjò dá, adágún ti gbẹ. Gbogbo ìlú wá wò ó. Bèbè ti ya, ṣùgbọ́n ẹnu adágún wà níbẹ̀ gbọingbọin: òpó, òkúta, amọ̀, ọ̀kan kò mì. Wọ́n wọ́ Ìjàpá wá láti inú ẹrẹ̀ tó há sí lẹ́yìn ìlú. "Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

"Àgbàrá ló kó o wá."

"Irọ́ ni," Yánníbo wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo mọ̀. Mo jẹ nínú ẹja náà."

Ẹfọ̀n kò lè wo Ọ̀kẹ́tẹ́ lójú. Ó ní, "Gbẹ́ ilẹ̀ níbi tó bá wù ọ́ nínú ìlú yìí."

"Ta ni kí n gbẹ́ ihò fún, Kábíyèsí?"

Àwọn kan ti ṣa òkò láti pa Ìjàpá. Ọ̀kẹ́tẹ́ kò wẹ̀yìn. Ó ti ń fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ ká, ó ń wá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ju òkò sílẹ̀, wọ́n bá a wá. Wọn kò rí ọmọ kankan. Ìjàpá rá wọ igbó lọ, kò sì sí ìlú tó tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Òjò kò tíì tán lọ́dún náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ bèbè náà padà. Yánníbo náà ń ru amọ̀ láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: iṣẹ́ tó kan gbogbo ilé, ẹ má gbé e lé ẹlẹ́nu dídùn kan lọ́wọ́, kí ẹ wá lọ fọwọ́ lẹ́rán. Bí ẹnì kan bá ké pé ewu ń bọ̀, ẹ fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹni tó sì jẹ níbẹ̀ tó dákẹ́, òun náà wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi ni mo ṣe sọ ọ́. Àyọ̀ká, nu ojú rẹ, àlọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀ lóòótọ́, kòtò iwájú ilé wa sì ti dí. Lọ́la, tọmọdé tàgbà, gbogbo wa là ń jáde.