Òòrẹ̀ Kúkúrú Lábẹ́ Apẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò sókè, ó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí Òòrẹ̀ kúkúrú.

Àgùnfọn ń ṣa àwọn tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ fún ilé-ìwé gíga àwọn ẹranko. Okùn ló fi ń wọn gíga wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lé Òòrẹ̀: "Àbúrò, o kúrú jù láti ṣeré níwájú!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, Òòrẹ̀ já wọ pápá, ó gba bọ́ọ̀lù, ó na ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ró sí Erin àti Ẹfọ̀n tó ń ṣọ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ gbè é:

Ẹ wá gbà á o!
Ẹ̀gún ń bẹ!
Erin, wá gbà á o!
Ẹ̀gún ń bẹ!

Erin sá, Ẹfọ̀n sá. Òòrẹ̀ rọra ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀.

Àgùnfọn pariwo: "Mo ti yàn án! Ẹ wọn gíga rẹ̀!"

Òòrẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ wá wọ̀n mí."

Ẹ̀yin ọmọ, okùn ṣì wà nílẹ̀ níbi tí Àgùnfọn jù ú sí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ bí Òòrẹ̀ ṣe kúrú tó.