Ògiri Tí Olóyè Kò Fẹ̀yìn Tì
Akínwándé, àgbà bíríkìlà, ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Olóyè Lájídé, onílé rẹ̀, ní kó wá yẹ ilé tí òun tún ṣe wò lójú Morẹ́nikẹ́, opó tó fẹ́ rà á. Olóyè rọra sọ fún un pé, “Bí o bá dárúkọ àbùkù kan, kó ẹrù kúrò ní yàrá mi.” Akínwándé fìka kan ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó dún bí igbá òfìfo. Ó ní, “Ilé yín dùn-ún wò, Olóyè. Ó ku ìsúre nìkan. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yìí, kí ẹ súre fún ẹni tó fẹ́ rà á, bí àṣà àdúgbò wa.” Olóyè sún kúrò lẹ́bàá ògiri náà. “Mo lè dá dúró súre.” Morẹ́nikẹ́ ní, “Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì í, ọjọ́ náà ni mo rà á, Bàbá.” Olóyè wó ògiri náà, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn, ó sì fẹ̀yìn tì í súre. Akínwándé kò kó kúrò ní yàrá rẹ̀. Ara ògiri Morẹ́nikẹ́ ló ń fẹ̀yìn tì mu ẹ̀kọ láràárọ̀.