Ẹ̀gbà Ọwọ́ tí Kundaas Fi Owó Ọba Ṣe

Àrùn ilẹ̀ gbígbóná ló kọ́kọ́ dé bá àwọn Haida ní erékùṣù wọn, létí òkun ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Nínú ilé mẹ́wàá, méje kò dáná mọ́. Àwọn tó ṣẹ́kù láti abúlé púpọ̀ kóra jọ sí ẹyọ kan, ibẹ̀ ni àlùfáà òyìnbó ti gbé òfin kò wọ́n lójú: kí wọ́n gé àwọn òpó gbígbẹ́ iwájú ilé wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fín àmì ìdílé sára ọmọ mọ́. Ọ̀làjú ni wọ́n pè é. Ìparun ni. Ìhà méjì ni àwọn Haida, Ìwò àti Idì, ẹyẹ ńlá méjì. Ìhà ìyá ni ọmọ ń bá lọ. Ìwò kì í fẹ́ Ìwò, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n. Láìsí àmì, báwo ni ọmọ òrukàn yóò ṣe mọ ìhà tirẹ̀?

Kundaas ọmọ Idì, agbẹ́gilére tí àáké rẹ̀ kì í ṣìnà, gbọ́ pé àlùfáà yóò so ọmọge Jaadas àti Gilaay apẹja pọ̀ ní tọkọtaya ní Sátidé. Kékeré ni àwọn méjèèjì wà nígbà tí àìsàn náà pa ìyá oníkálukú wọn, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ́ òpó ilé méjèèjì. Ìwò ló gbẹ́ sí wọn.

Ó tọ àlùfáà lọ. “Bàbá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lẹ fẹ́ so pọ̀ yìí.”

“Ẹ̀rí dà?”

“Òpó tí ẹ ní ká gé.”

“Ó ti jóná. Sátidé ò yẹ̀.”

Kundaas padà sílé. Ó kó owó fàdákà olórí ọba òyìnbó tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun san fún un, ó fi òòlù lù ú di pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ di ẹ̀gbà méjì, ó sì fín àwòrán òpó ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbà kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé, níwájú gbogbo ìjọ, ó wọ̀ wọ́n sọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó. Jaadas tẹjú mọ́ tirẹ̀. “Ẹyẹ tó gbé òṣùpá sẹ́nu. Ìdí òpó rẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí.”

“Tiwa gbé ẹja ni,” Gilaay wí. Ó rọra fi ọwọ́ Jaadas sílẹ̀.

“Ìwò ni méjèèjì, ẹ̀yin ọmọ mi,” Kundaas wí.

Àlùfáà ní, “Mo ti fòfin de àmì yẹn.”

Ìyá àgbà kan dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ara lẹ dárúkọ, Bàbá. Ẹ̀gbà lèyí. Àbí kí ìyàwó yín náà bọ́ tirẹ̀?”

Ẹ̀rín sọ. Kundaas kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ gé òpó wa, ẹ gba àmì lára ọmọ wa. Owó yín ni mo fi ṣe èyí. Orí ọba yín ni mo fi òòlù pa rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ, kó wá bọ́ ọ lọ́wọ́ wa.”

Ẹnikẹ́ni kò wá. Títí Gilaay fi kú, “ẹ̀gbọ́n mi” ló ń pe Jaadas. Ní abúlé náà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti wá ń wọ ẹ̀gbà ìdílé wọn, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọge tó wù ú, kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Á ní, “Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ.”